Ojú Ìwé Mẹ́rin Tí Àǹtí Mi Fi Bíléèdì Gé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó kí n ro ẹjọ́ mi fún yín kí n tó bẹ́. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kọ́tìnì ni mò ń rán ní Ajah. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ wọn fèrèsé oníbàárà mi tuntun kan ní Lẹ́kkí Phase 1. Mo dé géètì, mẹ́gáàdì ní kí n jókòó, pé mádààmù ṣì ń bọ̀. Wákàtí kan kọjá, mi ò rí mádààmù. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbé fóònù jáde.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn kan ti ń tún àwọn ìwé ìfẹ́ àtijọ́ gbé jáde fún kíkà lórí fóònù. Mò ń wo èèpo wọn lọ níkọ̀ọ̀kan. Àfi bí mo ṣe rí obìnrin kan lórí èèpo kan tó fọwọ́ lẹ́rán, tó ró aṣọ aláwọ̀ ewé, tó ń wo ojú títì. Mo pariwo! Mẹ́gáàdì sáré dé, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, ìwé mi ni mo rí.

Mi ò ní dárúkọ ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìwé ló ṣẹ̀ mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo kà á, lọ́dọ̀ Àǹtí Ṣadé, ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fún mi. Mo kà á títí èèpo rẹ̀ fi já. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi ò pé. Àǹtí ti fi bíléèdì gé ojú ìwé mẹ́rin kúrò láàárín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rírùn ló wà níbẹ̀, pé ọmọ tí kò tíì relé ọkọ ò gbọ́dọ̀ kà á. Mo gbà. Ta ni mí tí mi ò ní gbà?

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ìtàn inú ìwé náà nìyí ní ṣókí. Àbẹ̀kẹ́ ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ fi í fún Àjàní onípákó, ọkùnrin tó dàgbà ju bàbá náà gan-an lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Gbádé tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọkàn Àbẹ̀kẹ́ wà. Ẹbí Àjàní gbé ẹrù ìdána wá, Àbẹ̀kẹ́ ń sunkún nínú yàrá. Ibẹ̀ ni bíléèdì ti wọ̀ ọ́. Ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e nínú tèmi, Àbẹ̀kẹ́ ti di ìyàwó ilé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dáná fún "ọkọ mi".

Ẹ kíyè sí i dáadáa: "ọkọ mi". Ta ló ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ láyé ìgbà yẹn? Láti ibẹ̀ lọ, "ọkọ mi" ṣáá ni. Nígbà tó bímọ, ó di "Bàbá Ìbejì". Kò dárúkọ ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí ìwé fi parí! Èmi wá gbà pé Àjàní onípákó ni. Mo ní ẹ wò ó, Àbẹ̀kẹ́ sunkún sunkún, ó fẹ́ ẹ náà, ìfẹ́ sì wá bá wọn nínú ilé. Ibì kan tilẹ̀ wà tó ti sọ pé yíǹkì máa ń wà lórí ìka ọkọ òun bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní sọ̀wédowó ló ń fọwọ́ sí! Ẹ ò rí ọpọlọ mi?

Ẹ máa wò ó pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó inú ìwé. Ọ̀sẹ̀ tí Àǹtí fún mi níwèé yẹn gan-an ni ẹrù ìdána ọkùnrin kan wọlé wa. Ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ó sì fi ogún ọdún lé díẹ̀ jù mí lọ. Mo sọ fún Àǹtí pé mi ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bí ire kì í dá ẹrù ìdána padà, pé wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo wọ yàrá lọ, mo tún ìwé mi kà. Mo ní bí Àbẹ̀kẹ́ bá lè fara mọ́ ọn, èmi náà á lè fara mọ́ ọn.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fara mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí mo ṣe jáde nílé ọkùnrin yẹn, tòun ti ojú wíwú àti báàgì kan ṣoṣo, mi ò ní tún un sọ fún yín.

Ó dáa, mo ra ìwé náà níbi géètì, mo sì sáré ṣí i débi tí wọ́n ti gé tèmi. Mò ń rẹ́rìn-ín, mo ní lónìí ni n ó ka ọ̀rọ̀ rírùn! Ẹ gbọ́ o, kò sí ọ̀rọ̀ rírùn kankan níbẹ̀. Kò tiẹ̀ sí ìfẹnukonu. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ló wọlé wá bá a, ó sì bi í bóyá ó fẹ́ ọkùnrin yìí. Àbẹ̀kẹ́ ní òun ò fẹ́. Ìyá ní ó dáa, kó nu ojú. Àwọn méjèèjì wá gbé ẹrù ìdána karí, iṣu, oyin, obì, àpótí aṣọ, wọ́n gba àárín ìlú lọ lọ́sàn-án gangan, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà fún ẹbí Àjàní. Ẹnì kankan ò kú! Nígbà tó yá, Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ Gbádé. Yíǹkì ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wà lórí ìka ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ yìí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mi ò dúró de mádààmù mọ́. (Ó ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Kò burú.) Mo wọ ọkọ̀, ó di ilé Àǹtí Ṣadé.

Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú tíréè. Mi ò ráyè kí wọn dáadáa. Mo ṣí fóònù, mo ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí wọn létí láti òkè délẹ̀. Wọn ò gbójú sókè.

Mo ní, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ rírùn dà?"

"Wúnmi, rọra jọ̀ọ́. Àwọn neighbour ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Wọ́n ní a ò ní ìyá tó máa bá wa ru ẹrù padà. Wọ́n ní ọkọ àwọn ti jẹ nínú iṣu yẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n rí ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Wọ́n ní ṣebí mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí, ṣebí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, ariwo kí ni mò ń pa? Ẹ gbà mí! Ọdún mọ́kànlá, wọ́n ń bi mí ní ariwo kí ni!

Mo ní kí wọ́n sọ òótọ́ kan péré fún mi. Kí ni wọ́n rò pé mo máa ṣe ká ní mo ka ojú ìwé mẹ́rin yẹn nígbà náà?

Àǹtí gbé tíréè sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o máa gbé ẹrù yẹn padà."

Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n mọ̀! Kì í ṣe pé wọ́n ń dáàbò bò mí lọ́wọ́ ìdọ̀tí. Wọ́n mọ irú ẹni tí mo jẹ́, wọ́n mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí n gba ara mi sílẹ̀, ni wọ́n ṣe mú bíléèdì. Mi ò dágbére kí n tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti ń pè mí látìgbà yẹn, mi ò gbé e. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má wàásù ìdáríjì fún mi lónìí. Ó lè dé tó bá yá, ṣùgbọ́n kò tíì dé.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́dọ̀, bí ohun tó wà nínú ìwé bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ jókòó ti ọmọ náà, kí ẹ jọ sọ ọ́. Ẹ má gé e. Ọmọ náà lè yan ohun tí kò wù yín, ṣùgbọ́n òun ló máa gbé inú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìwé wo ni wọ́n fà ya mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà èwe? Ẹ lọ wá a lórí fóònù yín, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ fún mi. Bí ọmọbìnrin kan bá sì wà tó ń ka èyí, tó ń sunkún nínú yàrá, tí ẹrù ìdána tí kò fẹ́ wà ní pálọ̀, kó kọ̀wé sí mi. Mo lórí, mo sì lágbára. N ó bá a rù ú padà lọ́sàn-án gangan.