Fíríìjì tí Mósè Akinolúwa Fi Kọ Àkúrẹ́

Ní ọjọ́ Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ ojú omi tí Goodluck ń wà gbé fíríìjì kan láti Igbókòdá dé Zion Pepe, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí omi. Ìwé ẹrù rẹ̀ ṣì wà, déètì ara rẹ̀ sì hàn kedere. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni pé òòró ni fíríìjì dúró láàárín ọkọ̀, tí wọ́n fi okùn àwọ̀n dè é, tí Mósè Akinolúwa sì dì mọ́ ọn bí ẹni tó ń mú ìyàwó relé.

Goodluck ní ìgbì ọjọ́ náà ga ju òrùlé lọ. Èrò mẹ́ta tí wọ́n jọ wọkọ̀ ní omi náà pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo wọn kò lórí ohun kan: Mósè bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó sì wọ̀ ọ́ fún fíríìjì.

"Bàbá, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́!" Goodluck pariwo.

"Èmi mọ odò wẹ̀," ni Mósè wí. "Òun ńkọ́?"

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni Mósè ń tún ṣe títí tó fi kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọmọlará, ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́, ó sì ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kí bàbá náà àti ìyàwó rẹ̀, Hánà, wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Nígbà tí wọ́n lọ kí i ní oṣù kejì ọdún 2021, Ọmọlará gbé ife sí àyà fíríìjì rẹ̀. Omi tútù dà. Yìnyín tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i? Kí ló wà ní Zion Pepe tó tó èyí?"

Mósè wo ife náà pẹ́, bí ẹni tí ojú rẹ̀ là tó sì ń lálàá. "Tí irú ẹ̀ bá wà ní Zion Pepe ńkọ́?"

"Tí omi àti yìnyín bá jáde níbẹ̀ kí ọdún Àjíǹde tó dé, mi ò ní dárúkọ Àkúrẹ́ fún yín mọ́. Tí kò bá jáde, ẹ máa di ẹrù yín."

"Mo gbà."

Kò sẹ́ni tó bi Hánà.

Mósè ta ẹ́ńjìnì tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ra fíríìjì. Khalid, ọmọ Ìlọrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní Igbókòdá, wá láti so ó mọ́ omi. Ó wo abẹ́ ilé, ó wo ẹ̀yìnkùlé. Omi iyọ̀ ló yí wọn ká.

"Bàbá, páìpù omi dà?"

Mósè na ìka sí ojú ọ̀run.

Omi òjò tó ń ti orí páànù ṣàn sínú táǹkì ló ní lọ́kàn. Khalid ní agbára omi náà kò ní tó wọ inú ẹ̀rọ. Mósè rẹ́rìn-ín. Ó mú rọ́bà tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnì ọkọ̀, èyí tó ní kókó rírọ̀ kan láàárín tí wọ́n máa ń fọwọ́ fún kí epo lè sáré. Ó so ó mọ́ táǹkì, ó jókòó sẹ́yìn fíríìjì, ó ń fún un.

Lọ́jọ́ kejì, yìnyín já nínú ẹ̀rọ. Hánà ní ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹja wẹ́wẹ́ bá ń ta nínú ọkọ̀ láàárín ìrì òwúrọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà Hánà fi ọ̀kan sẹ́nu, ó tu ú.

"Bàbá Ọmọlará, pẹtiróòlù ni!"

"Ogún ọdún ni ẹ́ńjìnì mi ti ń mu ún," Mósè fèsì. "Inú kò run ún rí."

Síbẹ̀ ó ra rọ́bà tuntun. Ṣùgbọ́n kí òórùn náà tó kúrò nínú ẹ̀rọ, ó ti fi gbogbo omi táǹkì fọ̀ ọ́. Àjíǹde ku ọjọ́ mẹ́ta. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Ọmọlará pè é lórí fóònù.

"Bàbá, ṣé ẹ ti ń di ẹrù?"

"Ìwọ ṣáà máa mú ife bọ̀."

Ó pa fóònù, ó lọ wo táǹkì. Aláǹgbá kan ló ń sùn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, kùrukùru bo odò. Fẹ̀hìntọlá, aládùúgbò wọn tó ń yan ẹja, ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ pẹ̀lú korobá omi mímu tirẹ̀.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá lọ, ta ni yóò máa tún ẹ́ńjìnì wa ṣe?"

"Ṣé torí ẹ́ńjìnì nìkan lo ṣe wá?"

"Rárá o. Mo fẹ́ yìnyín náà."

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń yọ láti inú kùrukùru lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ariwo, bí ẹni pé odò ló ń bí wọn. Garawa wà nínú òmíràn, kẹ́ẹ̀gì wà nínú òmíràn. Hánà ka ọkọ̀ mọ́kànlá. Goodluck ní àádọ́ta ni, ṣùgbọ́n a ti mọ Goodluck.

Nígbà tó di ọ̀sán, omi tí wọ́n gbé wá ti kún táǹkì, jẹnẹrétọ̀ ń dún, Ọmọlará sì gbé ife sí àyà fíríìjì. Ẹ̀rọ kùn. Ó dákẹ́. Ojú Hánà wà lára ife, ojú Fẹ̀hìntọlá wà lára Hánà. Ni omi bá dà, yìnyín mẹ́ta sì tẹ̀ lé e. Ọmọlará mu ún tán, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti borí. Ẹ jáde lẹ́yìn fíríìjì."

Ohùn kan tó ń mí hẹlẹ dáhùn láti ẹ̀yìn níbẹ̀: "Kò sẹ́nì kankan níbí. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é."

Ọdún mẹ́ta ó lé ni Mósè tún lò nínú ilé rẹ̀. Àlejò tó bá dé, kò ní jẹ́ kó sọ ohun tó bá wá títí yìnyín yóò fi já tí wọn yóò sì jọ gbọ́ ọ. Ọmọlará náà pa àdéhùn mọ́. Kò dárúkọ Àkúrẹ́ fún un mọ́ rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn ará Zion Pepe jókòó síwájú ilé, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Ọmọlará rọra sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn rẹ̀ kò jẹ́ kó dárúkọ Àkúrẹ́. Hánà ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó gbé ojú lọ sí ibi tí odò ti ń di funfun lọ́nà jíjìn, tí èèyàn kò lè mọ omi yàtọ̀ sí ọ̀run mọ́.

"Ẹni tí kò gbà láti lọ sí Àkúrẹ́," ó ní, "báwo ló ṣe wá gbà láti lọ síbi tó jìnnà tó yẹn?"