Fèrèsé Inú Ewé Tíìkì

Igbó tíìkì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilé parí sí lẹ́yìn àdúgbò wa ní Ìlaró, ó sì nà lọ sápá ọ̀nà Ìdógò bí ẹni pé kò ní ìpẹ̀kun. Àárín rẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi obìnrin máa ń gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn igi náà tò lẹ́sẹẹsẹ, gíga kan náà, àlàfo kan náà, nítorí ọwọ́ ènìyàn ló gbìn wọ́n fún gẹdú. Kò sí ìgbà tí mo wọ ibẹ̀ tí kò dà bí ẹni pé inú àlá ẹlòmíràn ni mo ti ń rìn. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ láàárín ẹ̀ka, ewé gbígbẹ á máa dún lábẹ́ bàtà wa, bí a bá sì dúró, ohun gbogbo á dákẹ́.

Àbúrò mi wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama tèmi wà nínú ọgbà kan náà. Láràárọ̀ tí a bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni inú máa ń run ún. Kì í run ún ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Àìkú, kì í bẹ̀rẹ̀ àfi bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí Màmá ń lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Bí a bá ti wọ inú igbó, ọwọ́ rẹ̀ á tutù nínú ọwọ́ mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á sì rin gbingbin fún òógùn.

Ìwé kíkà ló ń bà á lẹ́rù. Orí rẹ̀ pé dáadáa. Ohunkóhun tí ó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè sọ ọ́ padà láìyẹ ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tan gbogbo kíláàsì jẹ fún ìgbà pípẹ́: bí àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ bá ń kàwé sókè, á fetí gbé e, bí ó bá sì kàn án, á di ìwé mú, á máa wí i bí omi tó ń ṣàn. Àṣírí náà tú lọ́jọ́ tí olùkọ́ wọn, ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo ọmọ ń pè ní Àǹtí, ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà. Kò lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Rédíò.

"Rédíò! Rédíò kì í ríran o!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ké tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà ọgbà.

Mo bi í nínú igbó lọ́jọ́ kan pé kí gan-an ni ó ń rí nínú ìwé.

"Àwọn ọ̀rọ̀ kì í dúró, Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Bí mo bá ń wo ọ̀kan, àwọn tó kù á máa tì í. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí n wo àwọn lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo gbìyànjú láti fojú inú wò ó: ojú ìwé tó rí bí ẹnu ọ̀nà kíláàsì nígbà tí agogo ìjáde bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.

Nígbà tí sáà kẹta bẹ̀rẹ̀, Àǹtí ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé kí ìsinmi tó dé, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dá ka ojú ewé kan níwájú kíláàsì, ẹni tí kò bá sì lè kà á kò ní í lọ sí kíláàsì kẹrin. Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ ní àgbàlá nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi.

"Mi ò fẹ́ kí ìwé pa ọmọ mi," ó ní. "Ṣé o rí bó ṣe bì láàárọ̀ yìí? Bí wọ́n bá dá a dúró, yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìmẹ̀kọ, yóò kọ́ aṣọ rírán. Kò sí ẹni tí yóò ní kó kàwé níbẹ̀."

"Màmá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?"

"Ṣé èmi ni mi ò mọ ọjọ́ orí ọmọ tí mo bí? Mú ọ̀bẹ, kí o bá mi bó ẹ̀gẹ́."

Àánú ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, nínú igbó, ó bi mí bóyá igi tíìkì wà ní Ìmẹ̀kọ. Mo ní n kò mọ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ewé tuntun sì ti ń yọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ń bọ̀ wálé, ó ṣa ewé ńlá kan nílẹ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ àárín rẹ̀ lu. Ihò náà kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ó gbé e sójú, ó fi wò mí, ó fi wo ẹyẹ, ó fi wo òkè. Ó ń yí po jẹ́jẹ́, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń yí. Mo rí i pé èjìká rẹ̀, tó máa ń ká sókè nígbà gbogbo, ti rọ̀ wálẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Nǹkan kan ṣoṣo," ó ní. "Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ wá wò ó."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Nínú igbó tí gbogbo igi ti jọra, igi kan péré ni mo rí, pẹ̀lú àpá tó wà lára rẹ̀ àti èèrà tó ń gun ún. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ayé ti fà sẹ́yìn kí igi náà lè rí àyè dúró.

Mo jókòó sórí gbòǹgbò. Mo fi ẹnu kọ́ńpáàsì ìṣirò mi ya fèrèsé tóóró sínú ewé mìíràn, mo ṣí ìwé kíkà rẹ̀, mo sì gbé ewé náà lé orí ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yọjú. Àbúrò mi wò ó pẹ́. Ó kà á. Ó sún ewé náà síwájú, ó ka èyí tó tẹ̀lé e, ó sì gbójú sókè wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Láti ìgbà náà ni igbó ti di kíláàsì wa. Ewé gbígbẹ máa ń fọ́, nítorí náà, ewé tútù tó rọ̀ ni ó máa ń já. Bí ọ̀rọ̀ bá le, tí mo sì rí i pé èémí rẹ̀ ti ń yára, mo ní kí ó fi ìwé sílẹ̀, kí ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ara igi títí àyà rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. "Igi yìí kò kánjú," mo máa ń wí. Nígbà mìíràn, èmi gan-an ni mo máa ń kánjú, màá sọ ọ̀rọ̀ náà fún un kí ó tó rí i. Á gbà á lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dùn sí i. Àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn ti dàpọ̀ nínú ìrántí mi: ohùn rẹ̀ kékeré, òórùn ilẹ̀ tútù, òjìji ewé tó ń sún lórí ìwé, tó ń sún lórí ìwé.

Gbogbo ọmọ àdúgbò wa ló mọ̀ pé ewé tíìkì tútù máa ń pọ́n bí osùn bí a bá fọwọ́ ra á. A máa ń fi kun èékánná. Síbẹ̀, kò wá sí ọkàn àwa méjèèjì pé yóò kun ìwé. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìwé kíkà ni Màmá ṣí àpò àbúrò mi, ó sì fa ìwé kíkà rẹ̀ yọ.

"Ẹ̀jẹ̀! Mo gbé! Ẹ̀jẹ̀ ta ni èyí?" Ó ti fa àbúrò mi mọ́ra, ó ń wo ihò imú rẹ̀. "Ṣé o ń wúkọ́ ni? La ẹnu! Mo ní kí o la ẹnu!"

"Ewé ni, Màmá."

"Ewé wo ló ń ṣẹ̀jẹ̀?"

A ṣàlàyé. Ìwé náà jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́. Màmá jókòó, ó gbé e lé itan. "Ó tó bẹ́ẹ̀," ó ní. "Màá pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́la." Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣí ìwé náà. Àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ pọ́n dẹ̀dẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni òógùn ọwọ́ ọmọ náà ti pọ̀ jù. Bí Màmá ṣe ń ṣí i lọ ni pípọ́n náà ń dín kù, títí ó fi kan àwọn èyí tí ọwọ́ kàn fara kan díẹ̀.

"Kí ló dé tí ìwọ̀nyí kò fi pọ́n tó ti ìṣáájú?"

"Ẹ̀rù ò bà mí púpọ̀ níbẹ̀," ni àbúrò mi wí.

Màmá pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́. Ó ní kí ó lọ, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Àǹtí, ṣùgbọ́n kí ó má já ewé kankan mọ́.

Mo fẹ́ bá a wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. "Ẹ dúró síta," ó ní. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì wọn, agogo tiwa lù, n kò sì lè lọ.

"Ta ló kun ìwé yìí?" Ohùn Àǹtí ni.

"Èmi ni, Àǹtí. Ewé tíìkì ni. Mo fi ń kàwé."

"Rédíò ti di ewúrẹ́!" ni ẹnì kan ké. "Ó ń jẹ ewé!"

"Ẹ pa ẹnu yín mọ́! Ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín ló kàn láti kàwé." Ẹ̀rín náà kú lójijì. "Ìwọ, fi bó o ṣe ń kà á hàn mí."

Kò ní ewé. Mo rí i tí ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló yá a. Ó gbé wọn lé orí ìwé, ó fi ìka ṣe fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ. Nígbà tí ó dé àárín ojú ewé, ó dákẹ́ pátápátá. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti wà ní orí ahọ́n mi. Àǹtí náà ti la ẹnu láti sọ ọ́.

Àbúrò mi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé orí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ó ní, "ẹ dúró dè mí."

N kò gbọ́ kí ọmọ kankan sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ rí. Àǹtí pa ẹnu dé, ó dúró. Gbogbo kíláàsì dúró. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ afẹ́fẹ́ láti apá igbó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ ní odindi, ó sì kà á títí ó fi parí ojú ewé náà.

Ní ọ̀sán, Àǹtí ránṣẹ́ pe Màmá. "Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀," ó ní. "Dísílẹ́síà ni wọ́n ń pè é, kí ìwé kíkà máa ṣòro fún ọmọ tí orí rẹ̀ pé. Wọ́n sọ nípa rẹ̀ fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, n kò mọ̀ pé mo ní irú rẹ̀ nínú kíláàsì mi."

"Ṣé oògùn rẹ̀ wà, Tíṣà?"

"Kì í ṣe àìsàn, Màmá. Bí yóò ṣe máa kàwé yàtọ̀ ni, yóò sì máa pẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Kíláàsì kẹrin ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n páálí ni kí ó máa ya fèrèsé sí o, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé wa kò gba osùn."

Inú ṣì máa ń run ún ní àwọn òwúrọ̀ kan. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, a máa ń tètè jáde kí a lè rọra rìn.

Nígbà tí ìsinmi dé, Màmá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yẹn kò wá mọ́," ó ní. "Ó ń kàwé." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ohun kan, Màmá rẹ́rìn-ín, ó sì na fóònù sí àbúrò mi. "Wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni?"

Àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù náà.

"Lóòótọ́ ni, mà," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo máa ń pẹ́ níbẹ̀ o."