Gíláàsì Keje Nínú Ilé Agogo

Bí ilé Ọlọ́run bá jẹ́ ti Ọlọ́run lóòótọ́, kí ló dé tí ọkùnrin kan fi ní láti máa gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlélọ́gọ́ta láràárọ̀, kó lọ wò ó bóyá ògiri rẹ̀ kò tíì fẹ́ wó? Mo ti bi ara mi. Mo ti bi Olúwa lórí eékún.

Ambrose Thirkill ni ọkùnrin náà. Ní abúlé Holmedyke tiwa yìí ni wọ́n bí i, nínú ilé tó kángun sí ọgbà ìjọ. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò lórí ilẹ̀ wa, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí ibi gbin ọ̀dùnkún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú yìí, tí omi bá ti kúrò lára rẹ̀, ńṣe ló ń rọlẹ̀ lọ́dọọdún. Bó ṣe ń rọlẹ̀ ni ilé agogo ìjọ wa, tó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún, ń tẹ̀ sí ọ̀nà ọjà. Ambrose mọ̀. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ló ń yẹ ìdí ilé tó fẹ́ràn jù láyé. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi gba ìtọ́jú gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣọ́ ògiri rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣe é rí.

Mẹ́sàn-án ni gíláàsì náà, pẹlẹbẹ, kò fẹ̀ ju ìka lọ. Símẹ́ǹtì ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ibi tí ògiri ti là. Bí ògiri bá sún, kó tiẹ̀ jẹ́ bí irun orí, gíláàsì á fọ́. Bó bá sì fọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu agogo mọ́, torí mímì rẹ̀ lè wó ilé náà. Mẹ́fà ni agogo ọ̀hún. Èyí tó tóbi jù wúwo ju màlúù méjì lọ.

Winifred, àbúrò rẹ̀, ni olórí àwọn tó ń fi okùn lù ú láti ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé tó ṣáájú ìkórè ọdún tó kọjá, ó pàdé wa lẹ́nu àtẹ̀gùn. Èmi Muriel, akọ̀wé ìjọ, ń tẹ̀ lé Ambrose lọ, kí n lè fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò ọdún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ń lọ kí àwọn ìyàwó yín?"

"Wọ́n sàn jù ẹ́ lọ. Wọn kì í fèsì."

"Ẹ ní kí wọ́n múra o! Wákàtí mẹ́ta la máa lù lọ́la, a sì fẹ́ dán an wò nísinsìnyí. Muriel, bá mi di ẹ̀gbọ́n mi mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọnú kòtò omi."

A rẹ́rìn-ín, a gòkè.

Òkè tutù, ó ṣókùnkùn. "Èkíní. Ó pé," ni Ambrose wí. "Èkejì. Ó pé." Ojú rẹ̀ ò sí lára ògiri rárá, ìka ló fi ń yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tó kan ìkeje, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá.

"Ó pé." Ó nu ìka mọ́ ṣòkòtò. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí níbẹ̀.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Gíláàsì keje ti là sí méjì, èékánná mi wọ àárín rẹ̀. Eruku funfun ń dà lábẹ́ rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dáwọ́ dúró.

"Bàbá Ambrose, ó ti fọ́."

Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́bọ̀. Ìka mi kan nǹkan bí irun. Mo ní òwú aláǹtakùn ni. Ojú mi ti di kùrukùru láti ọdún méjì, Muriel. Ìka ni mo fi ń ríran."

Ọjọ́bọ̀! Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Winifred àti àwọn márùn-ún dúró sábẹ́ agogo wọ̀nyí, wọ́n lù ú fún wákàtí kan gbáko. Mo fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ló pa wọ́n mọ́. Wọ́n ṣì wà láàyè. Ìyẹn nìkan ló dá mi lójú.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú okùn nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" Winifred pariwo. "Ṣé gbogbo wọn pé? Ká bẹ̀rẹ̀?"

Ambrose di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn.

"Bí ìjọ bá mọ̀ nípa ojú mi, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ilé agogo lọ́wọ́ mi. Kí ló tún kù fún mi? Bá mi dá a lóhùn, ọmọ mi. Ní kí wọ́n sá jáde. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, sọ pé òní ló fọ́."