Tépù Kò Rí Inú Itan

Aṣọ ni mò ń rán ní Ayétòrò, nítorí náà mo gbẹ́kẹ̀ lé tépù ju ojú lọ. Nígbà tí màmá mi ṣubú ní bálùwẹ̀, egungun wọn kò kán, ṣùgbọ́n mo gbé wọn wá sí yàrá tí mo ti ń ránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kútọnù pè lórí fóònù. "Má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀ o. Tí wọ́n bá tún ṣubú, ọwọ́ rẹ la ó ti béèrè wọn." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ wo ni yóò jókòó kí ìyá rẹ̀ máa dìde bu omi?

Oṣù mẹ́ta gbáko, mo ń wẹ̀ fún wọn lórí ibùsùn, mo ń fi ẹ̀kọ mímu sí wọn lẹ́nu. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á pè mí padà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo ń fi tépù wọn itan wọn, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí: ínǹṣì mẹ́tàdínlógún. Kò yí padà rí. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú.

Ikọ́ tó ń ṣe Màmá ló gbé wa dé ilé ìwòsàn kan ní Ìlaròó. Àga mi wà láàárín bẹ́ẹ̀dì wọn àti fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí. Ní ọjọ́ kẹta, dókítà obìnrin kan gbé ẹ̀rọ sikáànù kékeré tí wọ́n fi ń wo inú ara wá síbẹ̀, ó da nǹkan tútù tó ń yọ̀ sí itan màmá mi.

Màmá wò ó. "Dókítà, ta ló sọ fún yín pé mo lóyún? Bàbá wọn ti kú tipẹ́."

"Màmá, ẹran itan yín ni mo fẹ́ wò, kì í ṣe ikùn. Ẹsẹ̀ yín kò lágbára."

Ó fi hàn mí lójú ẹ̀rọ náà. Ìlà funfun ìsàlẹ̀ ni egungun, ọ̀rá ló wà lókè. Ẹran tó wà láàárín wọn kò nípọn ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ. Ó ní ó ti rù gan-an.

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo mú ìwé mi jáde. Ó kà á látòkè délẹ̀, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tépù yín ò purọ́. Ó ń wọn ọ̀rá àti omi tó wú wọn lẹ́sẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹran ni. Ìgbà wo ni wọ́n dìde dúró kẹ́yìn?"

Mo pa ìwé mi dé. Ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà, kí wọ́n sì máa dìde lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rù ń bà á pé wọn kò ní lè rìn mọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "Sikáànù itan?" ló wí. "Tó o bá gbé wọn dìde, ìwọ lo máa dáhùn."

Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ lórí ibùsùn, èmi ni wọ́n á dá lẹ́bi. Bí mo bá gbé wọn dìde tí wọ́n ṣubú, èmi náà ni. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan ni mo fi ń gbé wọn. Gbígbé yá ju kí n máa dúró dè wọ́n lọ.

Nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fi orúnkún mi ti orúnkún wọn, kí wọ́n lè dìde láìṣubú.

"Ìkà ọmọ," Màmá ní. "Mo pọ̀n ọ́ títí o fi tó rìn, o ò wá lè gbé mi."

"Ẹ dìde, Màmá. Ẹ jẹ́ ká kà dé mẹ́wàá."

Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, èékánná wọn wọ èjìká mi. Wọ́n kà dé mẹ́rin, wọ́n jókòó.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò, dókítà tún fi ẹ̀rọ náà wò wọ́n. Ẹran itan wọn kò tíì pọ̀ sí i, ó ní, ṣùgbọ́n kò dín sí i mọ́.

A ti wà nílé báyìí. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wọ́n á di èjìká mi mú, wọ́n á máa kà. Wọ́n mọ̀ pé mi ò lè yà kúrò níwájú wọn títí yóò fi pé mẹ́wàá. Bí wọ́n bá dé mẹ́jọ, wọ́n á dúró, wọ́n á béèrè ohun tí mo fẹ́ sè lálẹ́. Mo ń dáhùn, mi ò sì jẹ́ mira.