Fèrèsé Mùsílíù Tí Í Bi Ọ̀gá Léèrè

Ọjọ́ tí fèrèsé Mùsílíù bá Ọ̀gá Ọlábánjí jà, gbogbo ọ́fíìsì tó wà ní Wharf Road ló gbọ́. Ọ̀gá ṣe ìwé ẹrù kan tán lórí kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ fi í pamọ́, ó sì sọ ọ́ ní "Kíákíá Tòótọ́". Fèrèsé kékeré tó máa ń béèrè orúkọ fáìlì yọ sí i lójijì: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí kì í ṣe orúkọ. Ẹrù ta ni? Ọkọ̀ wo ló gbé e dé?"

"Mùsílíù!" Ọ̀gá pariwo. "Kọ̀ǹpútà tí mo fowó mi rà ló ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò?"

"Ẹ má bínú, sà," ni Mùsílíù fèsì láti ìdí tábìlì rẹ̀. "Ó kúkú pè yín ní sà."

Morádéún, akọ̀wé tó ń tẹ ìwé ẹrù níbẹ̀, fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nítorí tirẹ̀ ni Mùsílíù ṣe ṣe fèrèsé ọ̀hún. Àwọn àjẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ò ní iṣẹ́ tí kì í ṣe kíákíá, nítorí náà gbogbo fáìlì wọn ló ń jẹ́ Kíákíá: Kíákíá Tuntun, Kíákíá Kejì, Kíákíá Ọlọ́run Gbọ́. Orí wọn mà pé o! Ìwé ti sọnù mọ́ Morádéún lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ọ̀gá sì ti búra pé tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun á lé e lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ méjì ló ń dá tọ́, Tóbilọ́ba àti àbúrò rẹ̀.

Mùsílíù, tó ti di olóògbé báyìí, ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ; yàrá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ló ti kọ́ ara rẹ̀. Ó ní Morádéún kọ́ ló sọ ìwé nù, fèrèsé ló gbé e sá lọ. Oríṣi kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà ní ọ́fíìsì, fèrèsé kọ̀ọ̀kan sì níwà tirẹ̀. Lórí ti Ọ̀gá, bọ́tìnnì ìfipamọ́ wà lápá ọ̀tún. Lórí ti Morádéún, apá òsì ló wà. Ti Mùsílíù fúnra rẹ̀ kì í rántí ibi tó ti ṣí fáìlì lánàá.

Ó kọ̀wé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí àwọn òyìnbó tó ṣe àwọn fèrèsé náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n dáhùn ní gbólóhùn kan péré: àwọn ti pa ọ̀rọ̀ náà dé. Mùsílíù tẹ èsì yẹn jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó ń fi han àlejò. "Ẹ wò ó," á ní, "wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀."

Ló bá jókòó, ó ṣe fèrèsé kan ṣoṣo tó rí bákan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aládùúgbò rẹ̀, Ejiroghene, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Marine Beach, ló kọ́kọ́ gbé e fún pé kó dán an wò.

"Bros, this your window dey ask question pass landlord," ni Ejiroghene wí.

"You see your file abi you no see am?"

"I see am."

"Then answer landlord."

Ìbínú ni Ọ̀gá fi gba fèrèsé náà, ṣùgbọ́n ìwé kankan ò sọnù mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú Mùsílíù lọ lọ́dún tó kọjá. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Ọ̀gá fi ra ètò tuntun tó ń dán gbinrin, ó sì ní kí Morádéún pa ti olóògbé rẹ́. Ọmọlúàbí ni ètò tuntun, kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ń gba Kíákíá tọwọ́tẹsẹ̀, á sì gbé e lọ síbi tó bá wù ú. Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé ẹrù kan dàwátì. Morádéún wá a láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìgbà tó yá, Ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Tóbilọ́ba."

"Sà." Ó ti na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀.

"Ibo lò ń lọ? Jókòó. Tèmi náà ti sọnù láti ìjẹta." Ọ̀gá wolẹ̀. "Ti Mùsílíù yẹn, ṣé o pa á rẹ́ lóòótọ́?"

"Ẹ dárí jì mí, sà. Ọkàn mi ò gbà á."

"O ṣé. Dá a padà."

Ó dá a padà. Fèrèsé náà to gbogbo ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n sá sí; èyí tó ń wá wà ní ìlà kẹta. Nínú fódà ètò náà ló tún ti rí àkọsílẹ̀ kan tí Mùsílíù kọ fún ara rẹ̀: "Ìyá Tóbilọ́ba gbọ́dọ̀ délé kí àwọn ọmọ tó ti iléèwé dé. Fáìlì ò gbọdọ̀ dá a dúró."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Morádéún, torí nígbà tí Mùsílíù wà láyé, ọ̀rọ̀ tó máa ń bá a sọ kò ju "Ẹ ka ohun tí ẹ rí níwájú yín" lọ. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Àárò ọkùnrin náà sọ ọ́ gan-an. Ó fi ìwé ẹrù ránṣẹ́, ó pa kọ̀ǹpútà, ó sì délé ṣáájú àwọn ọmọ.