Ihò Inú Ọgbà Làpálàpá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ní gáréèjì Kábà, mò ń retí ọkọ̀ Ìsánlú. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ lu pákó tí wọ́n fi bo gọ́tà, gbì, gbì, gbì. Nínú gbogbo èrò, èmi àti ẹni tí wọ́n ń pè nìkan la wẹ̀yìn. Àwọn adití ló ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀: pákó á gbọ̀n, àtẹ́lẹsẹ̀ á gbọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ tèmi ti kọ́ ọ láti kékeré.

Ọgbà igi làpálàpá ló pààlà sáàárín àgbàlá wa ní Kábà àti ilé-ìwé àwọn adití nígbà náà. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dá ihò sí i, àwa ọmọdé fẹ ihò náà títí àgbàlagbà fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti kọ́ èdè ọwọ́. Màmá mi tó ń din àkàrà á fi ọwọ́ kan dà á sínú epo, á fi èkejì bá akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lórí èyí tó tóbi jù.

Ohun tí ojú àwọn adití bá rí lára ènìyàn ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀gá kan ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tí oyè rẹ̀ máa ń gùn ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, bi tíṣà ilé-ìwé náà pé kí ni wọ́n ń pe òun. Tíṣà fọwọ́ ya ikùn ńlá sí afẹ́fẹ́.

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ọlá ni, sà."

Títí tó fi kúrò nípò, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àmì ikùn náà kí wọn.

Ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀ ni Mojí, ọmọ àgbẹ̀ kan láti Ifẹ̀-Olúkòtún. Ní ọdún kejì rẹ̀, bàbá rẹ̀ gba àgbàlá wa wọlé pẹ̀lú àpò ìrẹsì òfìfo, ó fẹ́ kó ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Màmá mi fún un lómi, ó sì kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ wa.

"Okun o, Bàbá Mojí. Ẹ jókòó."

"Okun, Ìyá. N ò ní pẹ́. Wọ́n ní ilé-ìwé adití, mo rò pé wọ́n á là á létí ni. Ọdún méjì, kò tíì pè mí ní Bàbá! Tó bá jẹ́ ká máa juwọ́ ni, ṣebí á kọ́ ọ lóko níbi tá a ti ń lé ẹyẹ."

"Ṣé ẹ ti bá a sọ̀rọ̀?"

"Ẹnu wo?"

Màmá mi kígbe pè mí. "Ìwọ tó ń fọwọ́ rojọ́ tí o kì í fọ abọ́, wá ṣe ògbufọ̀!"

Mojí ti dúró sẹ́nu ihò. Ó ti rí àpò náà, ó sì mọ ohun tí bàbá rẹ̀ wá ṣe. Bàbá rẹ̀ kọjú sí mi.

"Bi í pé, lọ́jọ́ tí mo mú un wá, kí ló dé tí kò jẹun, tí kò wò mí lójú?"

Mo ti lọ yunifásítì láti ìgbà náà, mo ti gba ìwé ẹ̀rí tó nípọn bí ẹní, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣe iṣẹ́ tó tó ti ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ Mojí ń sáré, ẹnu mi ń lé e.

"Ó ní ẹ mú ewúrẹ́ tí òun ń sìn wá sí ọjà Kábà, ẹ ò mú un padà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú òun náà wá sí Kábà. Ó ní òun rò pé ẹ ti ta òun."

Màmá mi gbé agbada kúrò lórí iná.

"Sọ fún un," ni bàbá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ewúrẹ́ yẹn ló di aṣọ ilé-ìwé tó wà lọ́rùn rẹ̀."

Mo sọ ọ́. Mojí di etí aṣọ náà mú, ó ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Bàbá rẹ̀ ká àpò náà títí ó fi kéré, ó tì í sábẹ́ abíyá. Ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ pe bàbá?" Mojí fi hàn án. Bàbá náà ṣe é, ó dà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá nìkan ló padà lọ sílé.

Ògiri búlọ́ọ̀kù ti rọ́pò ọgbà náà báyìí, orúkọ ẹni tó kọ́ ọ sì tóbi ju ti ilé-ìwé lọ lára rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń gun ọ̀kadà kọjá, wọn ò mọ èdè ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri náà. Ìyẹn ń dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n Mojí ti di tíṣà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti darúgbó, etí tirẹ̀ náà ti di. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí etí wọn là á máa pariwo mọ́ ọn, á ní wọ́n ń bú òun. Bí Mojí bá dé, bàbá á lé gbogbo wọn síta, òun àti Mojí á jọ máa fọwọ́ rojọ́ títí oúnjẹ á fi tutù.