Omi Tó Lé Nínú Báàfù

Mo rántí bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe máa ń gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, létí kòtò tí àwọn tó la ọ̀nà Kabba gbẹ́ sílẹ̀ fún wa, nígbà tí a ṣì jẹ́ ará Ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n kó òkúta tí wọ́n fẹ́, wọ́n lọ, wọ́n fi òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti kòtò ńlá sílẹ̀. Omi sun sínú kòtò náà, ó tẹ́ rẹrẹ bí ọ̀sà. Èmi tí mo kàwé dé ìwé mẹ́fà péré, tí mo ń mọ búlọ́ọ̀kù, ibẹ̀ ni mo gbé iṣẹ́ mi lọ. N kò ru omi mọ́. Mo kàn ń bẹ̀rẹ̀ bù ú ni. Mo rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí.

Baba agbẹ́kànga abúlé wa ló ní kí a dí kòtò náà. Ó ní iṣan omi tó ń bọ́ ìsun wa nísàlẹ̀ òkè, níbi tí gbogbo abúlé ti ń pọnmi, ni wọ́n gbẹ́ kàn, àti pé oòrùn ló ń mu omi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Bí a bá kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, omi á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, oòrùn kò ní rí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni kíkó iyẹ̀pẹ̀, àwa ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ ṣe é. Ọ̀kan nínú wa ní, "Baba, omi tí a fojú rí yìí náà lẹ ní ká sin bí òkú?" A rẹ́rìn-ín.

Baálẹ̀ ní kí baba fi hàn wá. Baba gbé báàfù méjì tó dọ́gba síwájú ilé baálẹ̀, sínú oòrùn. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ kún ọ̀kan, ó wọn omi agolo ogún sí i, òkúta sì bo omi náà mọ́lẹ̀. Ó wọn ogún sínú èkejì, kò fi nǹkan kan bò ó. Ó ní lọ́jọ́ kẹjọ a ó tún un wọ̀n. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ má mu ún, torí wọn kò mọ̀ mí mọ́ irọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, omi inú báàfù tó ṣí sílẹ̀ ti fà tó ìka méjì. Bí wọ́n bá dí kòtò, níbo ni n ó ti máa bu omi? Lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo èèyàn wà lóko, mo bu omi sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí ọjọ́ fi pé.

Wọ́n wọn ti olókúta: mẹ́tàdínlógún. Wọ́n wọn èkejì: ogún, ọ̀kanlélógún, méjìlélógún. Mo ti bù ú kọjá ààlà! Omi wo ló ń bímọ nínú oòrùn? Ẹni tó bá lójú ì bá bi mí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi hó yèè: "Baba, òkúta yín ló mu omi!"

Baba wo báàfù, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, òjò ò rọ̀ o."

"Omi ló bímọ, baba! Ẹ wá sọ ọ́ lórúkọ!" ni àwọn ẹgbẹ́ mi tún wí.

Baálẹ̀ gan-an rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ kì í ka agolo dáadáa. Wọ́n fi kòtò sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tó oṣù mẹ́ta. Ìsun tó máa ń dúró títí òjò tuntun fi ń dé, kò pẹ́ lẹ́yìn Kérésì tó fi gbẹ. Kòtò náà gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Èmi bá iṣẹ́ lọ sí Kabba. Àwọn obìnrin ń rìn lọ sódò kejì, lẹ́yìn òkè, ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà sì wà lára wọn. Òun àti ìkòkò omi ló jọ ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà. Egungun itan rẹ̀ dá.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún baba agbẹ́kànga, mo jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀," ló wí. "Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo mọ̀."

"Baba, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo ń dúró dè ọ́ ni. Mo ní o ò ní jẹ́ kílẹ̀ ṣú kó o tó wá." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà ṣàṣìṣe."

Ìsun tó gbẹ ti bá abúlé sọ̀rọ̀. Kí òjò tó dé, a dí kòtò náà. Èmi ni mo kó iyẹ̀pẹ̀ jù, wọn kò mọ ohun tí mo ṣe, wọ́n sì ń yìn mí pé akíkanjú ni mí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ìsun kò gbẹ.

Ọ̀pá ni ìyá àgbà fi ń rìn títí dòní tí wọ́n ti ń pè wá ní ará Kogi. Àràárọ̀ ni mo ń pọnmi fún un. Láàárọ̀ yìí, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo kí i bí àwa ará ìhín ti ń kíni, "Òkun o, ìyá." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní ọmọ tó ń pọnmi fún òun, ọmọ tirẹ̀ náà á pọnmi fún un. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́ omi inú báàfù fún un. "Àmín" ló jáde.